Ẹ Lọ Wòran, Ṣùgbọ́n Ẹ Má Fi Etí San Owó Ẹnu Ọ̀nà

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ ṣe lórí ojú ewé yìí ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ti ibà, kì í sì í ṣe ti inú rírun. Ti òde eré ni: eré orí ìtàgé, orin ojúkojú, onílù àti akọrin tí a fi ojú ara wa rí. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni kò kà á mọ́ ohun tí ó kan ìlera rárá. Èmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, títí di oṣù Kejìlá ọdún tí ó kọjá, nígbà tí ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹbí wa nítorí rẹ̀.

Ifẹ̀ ni ìlú ìyá mi. Kì í ṣe Ilé-Ifẹ̀ o! Ifẹ̀ ti Ìjùmú ni, ní ilẹ̀ Òkun, lápá ọ̀nà Kàbà, ní Ìpínlẹ̀ Kógì. (Ó ti rẹ̀ mí láti máa ṣàlàyé èyí fún àwọn ará Ìbàdàn tí mo ń bá gbé.) Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà níbẹ̀, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Wọ́n ti pé ọdún 71. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ń lo oògùn wọn lójoojúmọ́ láì yẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ wọn ti kú ní ọdún méjì ṣáájú, ilé ìsìn àti ilé ìwòsàn nìkan ni ẹsẹ̀ wọn ń gbé wọn dé.

Ní ọ̀sẹ̀ ọdún yẹn, àwọn ọ̀dọ́ ìlú dáwó jọ, wọ́n pe ẹgbẹ́ onijùjú kan wá sí pápá ilé ìwé. Màmá ní àwọn yóò lọ wò ó. Ọmọ wọn àgbà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ó ti Àbújá wálé, ní láéláé. Ó ní, "Ṣé ariwo yẹn ni kí wọ́n gbé sí orí ẹ̀jẹ̀ ríru? Bí wọ́n bá ṣubú lulẹ̀ sí àárín èrò ń kọ́?" Màmá kò bá a jiyàn. Wọ́n kàn gbé oúnjẹ alẹ́ sẹ́yìn ni, ní ọjọ́ kìn-ín-ní, àti ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú. Nígbà náà ni gbogbo ilé kọjú sí èmi. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ni mí, kí n dájọ́.

Mo wọn ẹ̀jẹ̀ Màmá ní òwúrọ̀, mo tún wọ̀n ọ́n ní alẹ́. 138 lórí 84 ni ó wà ní òwúrọ̀. Ti alẹ́ kò jìnnà sí i. Èyí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tí ó ń halẹ̀ mọ́ ènìyàn. Oògùn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú, ohun tí ẹ ń bẹ̀rù kọ́ ni ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Ọdún méjì tí wọ́n fi jókòó sínú yàrá yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù. Lẹ́yìn náà kí ẹ bẹ̀rù etí wọn." Ó wò mí bí ẹni tí ó gbọ́ èdè àjèjì.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé fún ẹ̀yin náà bí mo ti ṣe é fún un.

Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí méjì kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Daisy Fancourt àti Andrew Steptoe, tẹ iṣẹ́ kan jáde. Wọ́n ti tẹ̀ lé ènìyàn 6,710 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún 14, gbogbo wọn ẹni 50 ọdún sókè. Wọ́n ti bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń lọ sí ilé eré, òde orin àti ilé àwòrán sí. Àwọn tí ó ń lọ ní oṣù mélòó kan síra wọn, ewu ikú wọn fi 31 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí kì í lọ rárá. Àwọn tí kò lọ ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún pàápàá, tiwọn fi 14 dín. Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ: ẹni tí ara rẹ̀ le, tí owó sì wà lápò rẹ̀, ni ó ń rí òde lọ. Òótọ́ ni. Àwọn olùwádìí náà mọ̀ ọ́n, wọ́n sì gbé owó, àìsàn, ẹ̀kọ́ ìwé àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú ìṣirò wọn. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ náà kò parẹ́. Irú ìwádìí báyìí kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé orin ni ó dá ikú dúró. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí ó ní kí a ti ìyá arúgbó mọ́lé.

Ìwádìí kékeré mìíràn tún wà ní ọdún 2016. Wọ́n gba itọ́ ẹnu àwọn òǹwòran 117 kí ẹgbẹ́ akọrin tó bẹ̀rẹ̀ orin, wọ́n tún gbà á nígbà tí orin parí. Èròjà kan wà tí ara máa ń tú jáde nígbà tí ọkàn wa kò bá balẹ̀, kọ́tísọ́ọ̀lù ni àwọn dókítà ń pè é. Ó ti lọ sílẹ̀ nínú itọ́ wọn. Wọn kò jó, wọn kò fò. Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ orin ni.

Ẹnìkan lè ní, "Ṣebí rédíò wà, fóònù sì wà, kí ni mo ń wá lọ sí pápá?" Àwọn àgbà ti dáhùn fún wa pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí ó bá gbọ́ orin Sunny Adé nínú fóònù ti gbọ́ orin. Ẹni tí ó bá rí i tí ó ń fi gìtá sọ̀rọ̀, tí onígángan ń dá a lóhùn, tí èrò inú gbọ̀ngàn sì ń dáhùn papọ̀, onítọ̀hún ti bá ènìyàn gbé fún wákàtí mẹ́ta. Ohun tí Hubert Ògúndé gbé wọ Glover Hall ní Èkó ní ọdún 1944 nìyẹn. Ohun náà ni Dúró Ládiípọ̀ fi Ọba Kò So ṣe ní Òṣogbo ní ọdún 1963, tí ó sì gbé e lọ sí Berlin ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, tí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ sì jókòó wò ó. Màmá fúnra wọn ń sọ̀rọ̀ I. K. Dáíró títí di òní. Ọmọdé ni wọ́n nígbà tí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá ọkùnrin náà lọ́lá ní ọdún 1963. Inú rédíò baba wọn ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, wọn kò sì fi ojú rí i kí ó tó kú ní ọdún 1996. Mo rò pé ohun tí ó ń dùn wọ́n nínú ọ̀rọ̀ pápá ilé ìwé yẹn nìyí, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ etí. Ẹni tí ó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí kòtò yìí.

Nígbà kan rí, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin lọ sí àríyá òru kan ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan tí n kò ní dárúkọ. Ibi tí mo rí àga sí ni ẹ̀gbẹ́ sípíkà tí ó ga jù mí lọ, mo sì jókòó tì í di ìdájí. Nígbà tí a jáde, etí mi ń hó ṣíí bí omi kẹ́tùlù. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi hó kí ó tó dákẹ́. Mo dúpẹ́, mo ní ó ti lọ. Mo tún lọ jókòó sí irú ibẹ̀ ní ìgbà tí n kò lè kà mọ́. Kò sí ẹni tí ó kì wá nílọ̀, kódà ní ilé ẹ̀kọ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wa ní ìlera.

Lónìí, etí mi òsì kò gbọ́ ohùn tín-ín-rín mọ́. Ẹ má rò pé mo di adití pátápátá o. Mo ń gbọ́ pé ènìyàn ń sọ̀rọ̀, mo tilẹ̀ ń gbọ́ bí ohùn ṣe ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀, nítorí èdè wa jẹ́ èdè olóhùn. Ṣùgbọ́n f, s, àti ṣ ti dà rú mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ-ọmọ mi wá ní, "Màmá àgbà, ó ti fọ́." Èmi gbọ́ "ṣọ́," mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò kiri kí n mọ ohun tí ó ń ṣọ́, nígbà tí àwo ọbẹ̀ mi ti wà nílẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Àwọn ará ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá lóòjọ́, ènìyàn a bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ọ̀rọ̀ sísọ.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú lọ́hùn-ún etí wa, ohun kan wà tí ó ká bí ìkarahun ìgbín. Nǹkan bí 15,000 èèpo ara tín-ín-tín tí ó hu irun ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ni wọ́n ń gba ìró tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ìró líle máa ń tẹ irun náà mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí èrò bá gba orí koríko kọjá. Bí wọ́n bá kọjá lẹ́ẹ̀kan, koríko a tún dìde. Ìdí rẹ̀ nìyí tí etí fi ń hó tí ó sì ń dákẹ́. Bí wọ́n bá sọ ibẹ̀ di ojú ọ̀nà, koríko a kú. Èyí tí ó bá kú nínú etí ọmọ ènìyàn kò tún ní hù mọ́. Ti adìyẹ a máa hù padà; àwọn onímọ̀ ti rí i láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Adìyẹ tí a pa jẹ lọ́jọ́ ọdún sàn jù wá lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí! Títí di ìsinsìnyí, kò sí oògùn, kò sí àgbo, kò sí òróró kíkán tí ó lè dá a padà. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí a ń fi sí etí nìkan ni ó kù fún irú wa.

Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn ìró. Ìṣirò rẹ̀ kò rí bí ti kílò gàrí o: bí ó bá fi mẹ́ta péré lé, agbára ìró náà ti di ìlọ́po méjì, àkókò tí etí lè fara dà á sì ti di ìdajì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé etí àgbàlagbà lè gba 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún 40 wákàtí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá di 90, wákàtí mẹ́rin ni. Bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 20 ni fún gbogbo ọ̀sẹ̀! Iwájú sípíkà níbi àríyá wa sì máa ń ju 100 lọ nígbà púpọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, Àjọ náà gbé ìlànà jáde fún àwọn ilé eré àti òde orin: kí ìró má ṣe ju 100 lọ ní ìṣirò ìṣẹ́jú 15, kí ẹnìkan máa wọ̀n ọ́n bí eré ti ń lọ, kí èdídí etí wà fún èrò, kí ibi ìdákẹ́jẹ́ sì wà tí ènìyàn lè yà sí. N kò tíì dé gbọ̀ngàn kankan níhìn-ín tí ó ní gbogbo rẹ̀. Nítorí náà kí olúkúlùkù ṣọ́ tirẹ̀.

Ẹ kò nílò ẹ̀rọ láti mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tí ó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín bá ní láti pariwo kí ẹ tó gbọ́ ọ, ìró ibẹ̀ ti pọ̀ jù fún ìjókòó pípẹ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà a gbé Màmá lọ sí pápá. Aṣọ òkè tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà ìsìnkú ni wọ́n wọ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ ti rí wọn, inú wọn dùn, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì mú wọn lọ sí ìjókòó àgbà. Níbo ni ìjókòó àgbà wà? Iwájú pátápátá, láàárín sípíkà méjì! Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ wo bí a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ ba etí àwọn òbí wa jẹ́. Ẹni tí etí rẹ̀ ti ń rẹ̀ ni a ń gbé sí ẹnu ìbọn.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a gbé àga Màmá sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà bínú, ó rò pé mo ń fi àbùkù kan ìyá àgbà. Mo ṣe àlàyé fún un pé ní gbangba báyìí, bí ènìyàn bá sún jìnnà sí sípíkà ní ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì a fi bí mẹ́fà dín, ìyẹn ni pé etí yóò lè fara dà á ní ìlọ́po mẹ́rin. Kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, sípíkà kò jẹ́ kí ó gbọ́. Níkẹyìn, òun fúnra rẹ̀ ni ó ru àga náà lọ sí abẹ́ igi máńgòrò, níbi tí a ti ń rí orí ìtàgé dáadáa. Mo fi èdídí etí kan sí etí Màmá ní ọ̀tún àti ní òsì, èyí tí a fi fóòmù ṣe tí a ń tà ní ilé oògùn ní owó táṣẹ́rẹ́. A ó yí i bí òwú fìtílà kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fa etí sókè díẹ̀, a ó kì í bọ̀ ọ́, a ó sì dì í mú títí yóò fi wú. Òwú lásán kì í ṣe iṣẹ́ yìí o. Ìró a kàn gba àárín rẹ̀ kọjá. Màmá ní, "Èmi kò ní gbọ́ orin mọ́ nìyẹn." Nígbà tí onígángan bẹ̀rẹ̀ sí í kì wọ́n, wọ́n gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún mi.

Ti àwọn ọmọdé ni ó bí mi nínú jù. Mo rí ọmọ ọwọ́ kan tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sí ìdí sípíkà, tí ó sùn fọnfọn. Ìyá rẹ̀ ní ariwo kò dí i lọ́wọ́. Etí kì í sùn, ẹ̀yin ìyá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ wà nílé lọ́dọ̀ ẹbí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ẹ wà ní ẹ̀yìn pátápátá, kí ẹ sì tètè máa lọ.

Ijó pẹ̀lú ní ohun tí mo fẹ́ sọ sí i. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Bràsíìlì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2015, fi hàn pé nígbà tí àwọn ènìyàn bá jọ ń jó ijó kan náà ní ẹsẹ̀ kan náà, ìrora kì í tètè dùn wọ́n. Ohun rere ni fún ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní làkúrègbé ní orúnkún, ẹ kíyè sí i: orúnkún kò ní ké títí di òwúrọ̀. Màmá jó ìran mẹ́ta. Mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n ní orúnkún kò dùn wọ́n. Mo ní ìdí tí mo fi ní kí wọ́n jókòó gan-an nìyẹn.

Ìyókù kò gùn. Kí ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lò ó ní àkókò rẹ̀ kí ó tó jáde, kí ó má sì fi paraga tàbí ọtí líle tẹ̀ lé e. Kí a mu omi. Bí eré bá jẹ́ ti inú gbọ̀ngàn, kí a wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà kí a tó jókòó. Èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò ní òórùn, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun. Bí orí bá ń fọ́ yín tí èébì sì ń gbé yín, tí ẹlòmíràn nítòsí yín náà ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jáde sí afẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró gbọ́ orin tí ó kàn. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, kí ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà sùn síbẹ̀ di òwúrọ̀. Ọ̀nà ilẹ̀ wa kì í ṣe ọ̀nà òru lásìkò yìí. Lẹ́yìn eré, kí etí náà sinmi fún ọjọ́ kan ó kéré tán: kò sí gbohùngbohùn etí, kò sí ẹ̀rọ ìlọta. Bí etí bá ń hó kọjá ọjọ́ kejì, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ kan kò gbọ́ràn lójijì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ ní ọjọ́ náà gan-an, nítorí ìdádúró lè ba ohun tí à bá tún ṣe jẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, orúnkún Màmá wú díẹ̀. A fi omi tútù sí i, a gbé ẹsẹ̀ wọn lé orí àpótí. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò yí padà. Wọ́n jẹ iyán tán, wọ́n tún béèrè òmíràn, wọ́n sì ń fi ṣíbí lu etí àwo bí onígángan ti lù ú. Ẹ̀gbọ́n mi dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ níbo ni wọ́n ti ń ta fóòmù etí yẹn.

Màmá ti ránṣẹ́ sí mi ní oṣù yìí. Wọ́n ní bí mo bá ń bọ̀ wálé ọdún, kí n mú èdídí etí mẹ́ta wá: ọ̀kan fún àwọn, ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ wọn tí ọkọ rẹ̀ kú ní ìgbà ẹ̀rùn, ẹ̀kẹta fún ọmọkùnrin tí ó ń lu gángan, nítorí wọ́n rí i pé ẹ̀gbẹ́ sípíkà ni ó dúró sí láti alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.